Síìtì Ẹ́ńjìnì Kì í Ṣe Àga

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: síìtì ẹ́ńjìnì. Síìtì ti já, síìtì ti rọ̀, ẹ lọ ra síìtì wá ní Ararọ̀mí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà n'Íbàdàn, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí. Síìtì, àga náà kọ́? Ẹ́ńjìnì jókòó sórí rọ́bà, rọ́bà jókòó sórí ṣáásí, ó parí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ yẹn ń tàn wá. Àbúrò kan ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló là mí lójú láìmọ̀. Ó ń to mọ́tò fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, ó wá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan. Fáànù ti jẹ rádíétọ̀." Mo débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo síìtì tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 6 ni, ojú iná rẹ̀ tò létòlétò bí eyín àgbàdo. Irin yẹn á gbé akọ màlúù. Rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún ò ní àbùkù kankan. Ti ọwọ́ òsì ti bó kúrò lára irin rẹ̀ mọ́nímọ́ní, bí èèpo ẹ̀gúsí.

"Mo wọn ẹ́ńjìnì yìí kí n tó jó o," ló wí. "Síìtì yìí á gbé ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ìwọ̀n kọ́ ló já a.

Mo ní kó tú fáànù kúrò, kó ṣíná, kó fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì pinpin, kó wọ gíà kìíní, kó wá máa rọra jẹ́ kí kúlọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ̀gbẹ́ ni mo dúró sí. (Ẹ má dúró síwájú mọ́tò tó wà nínú gíà, kódà bó jẹ́ ọmọ yín ló tẹ bíréèkì.) Bí kúlọ́ọ̀ṣì ṣe ń mú ni apá òsì ẹ́ńjìnì ń dìde. Mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rọ́bà àti irin. Ó tẹ kúlọ́ọ̀ṣì padà, ẹ́ńjìnì jókòó. Ó tún tú u, ẹ́ńjìnì tún dìde. Àga wo ló ń rí báyìí?

Kí n tètè sọ irú mọ́tò tó ń tò, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kit car ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Lórílẹ̀-èdè Britain, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní ègé-ègé: ilé-iṣẹ́ á tà ṣáásí àti ara mọ́tò fún ọ, ìwọ á wá ẹ́ńjìnì, gíà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́tò àtijọ́ kan, o ó sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ. Lotus Seven tí Colin Chapman, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Lotus, gbé jáde lọ́dún 1957 ló lókìkí jù nínú wọn. Owó orí ló jẹ́ kí ó tà nígbà náà: owó orí tí ìjọba ń gbà lórí mọ́tò tuntun kì í kan mọ́tò tí o bá rà láìtíì tò. Nígbà tí VAT dé lọ́dún 1973, àǹfààní yẹn tán. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Caterham gba Seven, òun ló sì ń ṣe é títí di òní. Àwọn tó ń tò ó lónìí, ìfẹ́ ló mú wọn, kì í ṣe owó orí. Àwọn míì ò tiẹ̀ ra kíìtì rárá. Wọ́n á ra páìpù onígunmẹ́rin, wọ́n á gé e, wọ́n á jó ṣáásí fúnra wọn, wọ́n á wá gbé ẹ́ńjìnì Ford Sierra tàbí Mazda MX-5 sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ síìtì wá dé nìyẹn. Síìtì tí Ford ṣe, ṣáásí Sierra ló ṣe é fún. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta èyí tó máa so ẹ́ńjìnì yẹn mọ́ páìpù tí ìwọ jó nínú gáréèjì rẹ. Àfi kí o ṣe é.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ nǹkan yìí lórúkọ, mi ò ní pè é ní síìtì. Òṣùká àti ọ̀já ni màá pè é. Ẹni tó bá ru omi rí mọ òṣùká: aṣọ tí a ká róbótó sórí kí igbá má baà gún wa lórí, kí ìrìn ẹsẹ̀ wa má sì da omi. Ẹni tó bá pọnmọ rí mọ ọ̀já. Kì í ṣe torí pé ọmọ wúwo la fi ń dì í. Bó ṣe ń jàjàgbara, tó ń nàró sẹ́yìn, tó ń yí sápá kan, ló jẹ́ ká dì í. Ẹ́ńjìnì wúwo bí agbè omi, ó sì ń jàjàgbara bí ọmọ tí oorun ń kùn. Àbúrò mi ṣe òṣùká tó dára gan-an. Kò ṣe ọ̀já.

Kí ló ń bá jà? Ẹni tó bá ti wọ abẹ́ mọ́tò lọ tú nọ́ọ̀tù tó dípẹtà yóò mọ̀ ọ́n. O fi sípánà sí i, o fa agbára yọ, nọ́ọ̀tù kọ̀, ara tìrẹ ló wá yí nílẹ̀. Bákan náà ni ẹ́ńjìnì ṣe ń fẹ́ yí ṣáfúùtì tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mọ́tò wúwo, ṣáfúùtì ò fẹ́ yí, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ wá ń fẹ́ yí sí òdìkejì. Síìtì ló dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́mbà sí i, nítorí àwọn nọ́mbà yìí ló ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Ká ní ẹ́ńjìnì àti gíà jọ wúwo tó kílò 180. Síìtì méjì wà níwájú, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ gíà láàárín. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, kílò 60 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mọ́tò bá dúró jẹ́ẹ́, kò sóhun tó tún kù.

Ó wá di pé o tẹ tọ́tù. Agbára ìyípo ẹ́ńjìnì oní-lítà 2 láyé ìgbà Sierra ò jìnnà sí 150 Nm (newton-mítà, ohun tí a fi ń wọn agbára ìyípo). Ṣùgbọ́n gíà ń sọ agbára yẹn di púpọ̀ kí ó tó dé ṣáfúùtì. Nínú gíà Ford tí wọ́n ń pè ní Type 9, tó wọ́pọ̀ nínú irú mọ́tò yìí, gíà kìíní ń sọ ọ́ di ìlọ́po 3.65. 150 nígbà 3.65 jẹ́ nǹkan bíi 547 Nm. Ìyẹn ló ń gbìyànjú láti dojú ẹ́ńjìnì bolẹ̀. Síìtì tó wà lábẹ́ gíà wà láàárín gbùngbùn, kò lè ṣèrànwọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Síìtì méjì iwájú ló ni ìjà yìí. Bí ààyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì bá jẹ́ ìdajì mítà, ohun tó ń tì wọ́n á tó kílò 110 lápá kọ̀ọ̀kan (547 pín sí 0.5 jẹ́ nǹkan bíi newton 1,094, newton 10 sì tó nǹkan bíi kílò kan): ó ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó ń fa èkejì sókè. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Apá ọ̀tún tó ń gbé 60 tẹ́lẹ̀ di 170. Apá òsì ń kọ́? 60 yọ 110. Kò gbé ohunkóhun mọ́. Kílò 50 ló ń fà á sókè. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹ́ńjìnì ń ṣe bí kúlọ́ọ̀ṣì bá mú jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá tú kúlọ́ọ̀ṣì lójijì á rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó dojú kọ iwájú, apá òsì ló ń dìde bí mọ́tò bá ń lọ síwájú. Bí o bá fi gíà sí ẹ̀yìn, apá ọ̀tún ni. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á di apá kan nìkan, kó rántí ọjọ́ tó máa fi ẹ̀yìn gun òkè.

Ohun tí ojú àbúrò mi rí yìí, ojú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti rí i. Ní ìparí ọdún 1971, General Motors pe mọ́tò Chevrolet tó tó mílíọ̀nù 6.7 padà ní Amẹ́ríkà torí síìtì ẹ́ńjìnì. Rọ́bà lè ya. Bó bá ya, ẹ́ńjìnì á gbéra lápá kan, á fa ohun tó so mọ́ tọ́tù, mọ́tò á wá máa sáré lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wo àtúnṣe tí wọ́n ṣe. Okùn irin ni wọ́n fi so ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ kó má lè gbéra. Ọ̀já nìyẹn, gbangba.

Ó dáa, kí la fẹ́ ṣe sí i? Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwà rọ́bà. Kò sóhun tó ṣe é bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fara dà á. Fífà ni kò fẹ́. Kì í ṣe rọ́bà gan-an ló máa ń kọ́kọ́ já, gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ni, ìdí sì nìyẹn tí ti Leeds yẹn fi bó mọ́nímọ́ní. Àwọn rọ́bà róbótó tí bóòtù yọ lókè àti nísàlẹ̀, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, irú wọn ni àbúrò mi rà, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja. Bó bá ṣe pé ó dá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òrùlé ilé, apá kọ̀ọ̀kan kọjú sí àárín ní nǹkan bíi ìwọ̀n igun 45, ìyípo ẹ́ńjìnì ì bá máa tẹ rọ́bà, ì bá máa tì í, kì bá máa fà á já. Ẹ wo abẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò ẹlẹ́ńjìnì gbọọrọ, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá síìtì wọn.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń ṣe é nílé ni oníbúṣì. Ẹ gé páìpù kékeré, ẹ ti búṣì rọ́bà bọ inú rẹ̀, bóòtù kan á gba inú búṣì náà kọjá, etí irin méjì á sì di bóòtù mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí rọ́bà tilẹ̀ yòrò pátápátá (ọ́ìlì tó ń jò sí i lára lè yọ́ ọ), bóòtù ṣì wà nínú páìpù. Ẹ́ńjìnì á máa dún gbàgàgbàgà, ṣùgbọ́n kò ní lọ síbì kankan. Bó bá jẹ́ rọ́bà róbótó náà lẹ fẹ́ lò, ẹ wá ọ̀nà tí bóòtù gígùn kan á gbà la ojú rẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ fi wáṣà tó fẹ̀ ju rọ́bà lọ dì í nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí lè ní, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ rọ́bà kúrò, ká fi irin de irin. Àwọn tó ń sáré ìdíje ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùká ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ́ńjìnì onípísítìnì mẹ́rin ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bó bá dúró sójú kan, tó ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1600 ló gbọ̀n, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 27 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi irin de irin, gbogbo rẹ̀ á wọ ṣáásí lọ: ojú dígí á máa gbọ̀n, eyín rẹ á máa gbọ̀n, ojú ibi tí o jó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀.

Àwọn èèyàn tún máa ń rò pé rọ́bà líle ló dára jù, pé èyí tó ń rì ti bàjẹ́. Ó yẹ kó rì díẹ̀. Gbogbo nǹkan tó bá jókòó sórí rọ́bà ló ní bó ṣe ń jó tirẹ̀: fọwọ́ tì í, fi í sílẹ̀, yóò mì ní iye ìgbà kan pàtó. Rọ́bà tó bá rì ní mílímítà 3 lábẹ́ ẹ́ńjìnì á mì ní nǹkan bí ìgbà 9 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀nrìrì 27 yára jù ú lọ fíìfíì, kò lè bá a jó, kì í sì í kọjá sí ṣáásí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó le débi pé ìdajì mílímítà ló rì, yóò mì ní bí ìgbà 22. Ìyẹn sún mọ́ 27 jù. Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó pọ̀, ìgbọ̀nrìrì á sì ju ti irin lórí irin lọ. Mo ti rí ẹni tó ra búṣì polyurethane tó le jù lọ nínú káńtà, tó tún wá ń bi mí ìdí tí dígí ẹ̀gbẹ́ fi ń gbọ̀n lójú òun níbi iná ojú títì.

Àwọn ará Chrysler, ilé-iṣẹ́ mọ́tò kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìpolówó ọjà. Lọ́dún 1931, wọ́n gbé mọ́tò Plymouth wọn jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Floating Power. Wọ́n fi síìtì kan sókè níwájú, wọ́n fi èkejì sísàlẹ̀ lẹ́yìn, kí ìlà tó so àwọn méjèèjì lè gba àárín gbùngbùn ìwúwo ẹ́ńjìnì kọjá, kó lè máa mì bó ṣe fẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan dá a lẹ́kun kó má yí jù. Citroën ti ilẹ̀ Faransé ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Òṣùká lókè, ọ̀já lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí a bá wá fẹ́ jókòó ti iṣẹ́ náà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Ibi tí ẹ́ńjìnì máa wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù gbé e kọ́ pẹ̀lú gíà lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sáàárín ṣáásí, ẹ fi pátákó tì í nísàlẹ̀ títí yóò fi dúró síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Kí abẹ́ rẹ̀ má lọ sílẹ̀ ju abẹ́ ṣáásí lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ni yóò máa kí gbogbo ìdènà ojú títì. Ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ wo irin sítíárín àti sàlẹ́ńsà, kí ààyè tó tó mílímítà 20 wà yí ká, nítorí ẹ́ńjìnì yóò mì dandan. Ẹ na ọwọ́ yín síbi fílítà ọ́ìlì, ẹ wò ó bóyá ẹ lè tú u. Mo mọ mọ́tò kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ sókè kí wọ́n tó lè pààrọ̀ fílítà, ẹni tó ni ín kì í sì í fẹ́ ká sọ ọ́.

Ṣáfúùtì tún wà níbẹ̀. Ẹnu gíà àti ẹnu dífù (gíà tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn) lẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba, kí oríkèé méjèèjì ṣáfúùtì tẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, tí kò ju ìwọ̀n igun 1 sí 3 lọ. Bí èyí bá yàtọ̀, mọ́tò á máa gbọ̀n lórí ìrìn, ẹ ó sì fi odidi oṣù kan pààrọ̀ síìtì tí kò ṣẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, páálí. Páálí kọnfílékì dára. Ẹ gé e, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tì í sáàárín ẹ́ńjìnì àti ṣáásí títí yóò fi bá ojú ibẹ̀ mu, kẹ́ ẹ tó fi gíráíńdà kan irin. Apá tí bóòtù máa dè mọ́ ẹ́ńjìnì, mílímítà 6 tọ́ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ sí ṣáásí, 3 tàbí 4 ti tó, bí ìrísí rẹ̀ bá dára. Ìrísí ju nínípọn lọ. Irin pẹlẹbẹ tó nà síta láìní alátìlẹyìn yóò máa tẹ̀ sókè-sódò bí ẹ̀ka igi tí ọmọdé ń fi ṣeré, títí yóò fi sán. Ẹ fi irin onígunmẹ́ta kékeré gbá a nídìí, kò ní mira mọ́.

Ibi tẹ́ ẹ máa jó o mọ́ lára ṣáásí náà ṣe pàtàkì. Páìpù tí wọ́n fi ń ṣe irú ṣáásí yìí sábà máa ń jẹ́ onímílímítà 25, ara rẹ̀ ò sì nípọn ju mílímítà 1.6 lọ. Bí ẹ bá jó síìtì sí agbedeméjì rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ ṣóńṣó sórí iyẹ̀pẹ̀. Oríkèé tí páìpù méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé ni kẹ́ ẹ wá. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ fi páìpù míì kún un kó di oríkèé.

Kí ẹ́ńjìnì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fi iná kán irin mọ́ra ní díẹ̀díẹ̀ kó lè dúró, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tú orí bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ sì yọ rọ́bà, kẹ́ ẹ tó jó o tán. Iná ń ba gọ́ọ̀mù rọ́bà jẹ́ láìjẹ́ kó hàn lójú. Irin tó gbóná sì máa ń fà bó bá ń tutù, torí náà ẹ jẹ́ kí ihò bóòtù lápá kan gùn díẹ̀ ju róbótó lọ. Ẹ lo bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, M10 (tó nípọn mílímítà 10) ó kéré tán. Bí ara ẹ́ńjìnì bá jẹ́ alumíníọ̀mù, bóòtù M10 gbọ́dọ̀ wọlé tó mílímítà 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa fa eyín ihò náà jáde. Nọ́ọ̀tù oníláílọ́ọ̀nù dára, àfi nítòsí sàlẹ́ńsà tí ooru ti máa yọ́ láílọ́ọ̀nù rẹ̀.

Oníbúṣì la ṣe sínú mọ́tò Leeds yẹn nígbẹ̀yìn. Ó gbà wá ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn lọ sórí páálí nìkan. Kí a tó dá fáànù padà, àbúrò mi fi àmọ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣeré lẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti sún mọ́ irin sítíárín, ká lè mọ bó ṣe ń mì tó. A tún ṣe ìdánwò bíréèkì àti kúlọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lápá òsì: rọ́bà tẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀. Ojú àmọ̀ náà ò ní àmì kankan.

Inú wa dùn, a pa á, a jẹun. Nígbà tí a padà dé tó tún kọ́kọ́rọ́ yí, sítátà dún bí ẹni tó rẹ̀, èéfín sì ń yọ níbi okùn tọ́tù. Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá. Nígbà tí rọ́bà òsì já, irin kan irin, iná bátìrì ń rí ibẹ̀ gbà. Nísinsìnyí tí síìtì méjèèjì ti dára, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún agbára ńlá tí sítátà ń fà láti padà sí bátìrì ni okùn tọ́tù tín-ín-rín yẹn. Wáyà ẹ́áàtì láti ara ẹ́ńjìnì sí ṣáásí, tó nípọn tó ìka ọwọ́, wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rántí dè é nínú àwa méjèèjì.